Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gíwá Yunifásítì Wa: Ẹ Bá Wa Ṣí Kọ́bọ́ọ̀dù Náà

Gíwá wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ìpele kẹrin ni mí ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka wa àti sí ọ́fíìsì yín láàárín oṣù méjì, a kò rí èsì gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí síbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Mi ò dárúkọ yunifásítì wa, nítorí pé kì í ṣe láti ba ilé wa lórúkọ jẹ́ ni mo ṣe mú gègé. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ pátákó ìkéde ẹ̀ka wa pé kọ́ọ̀sì tí a ti ń ṣe lórí AR (augmented reality) àti MR (mixed reality) pẹ̀lú òye àtọwọ́dá, AI tí gbogbo ayé ń pè é, ti dópin. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀: kò sí irinṣẹ́, kò sí olùkọ́, àti pé eré ni ìmọ̀ náà, kò sí ohun tó máa bá wa tún ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìdí wọ̀nyí ni mo fẹ́ fèsì sí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa kà á, tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí: AR ni pé kí èèyàn gbé fóònù sókè, kí kámẹ́rà máa fi ohun tó wà níwájú rẹ̀ hàn án, kí kọ̀ǹpútà wá fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Àwọn tó gbá Pokémon GO kiri ìgboro ní 2016 ti fojú rí i. MR jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kọ̀ǹpútà fi kún un mọ̀ pé tábìlì wà níbẹ̀, ó lè jókòó lé e, bí ẹ bá sì gbé àga síwájú rẹ̀, àga á bò ó mọ́lẹ̀. AI ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé tábìlì nìyí, ọwọ́ èèyàn nìyẹn, ohun tí ẹni yìí sọ lẹ́nu ni báyìí. Bí ẹ bá yọ AI kúrò, ojú ẹ̀rọ náà kàn là sílẹ̀ ni, kò mọ ohun tó ń wò.

1. Irinṣẹ́ wà.

Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì Quest 3 mẹ́rin, ẹ̀rọ agbésójú tí ilé iṣẹ́ Meta ṣe, ni yunifásítì wa rà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí láàbù náà, mo wà lára àwọn tó to àga sábẹ́ kánópì. Àwọn àlejò pàtàkì gbé e sójú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ya fọ́tò, àwa akẹ́kọ̀ọ́ dúró lẹ́yìn, à ń pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àtìgbà náà, inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní yàrá ìpàdé lókè ni àwọn hẹ́dísẹ́ẹ̀tì yìí wà.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n rán mi lọ gbé fáìlì ní yàrá yẹn. Mo dúró wò wọ́n. Láílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo gíláàsì ojú wọn láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n ṣì wà lára mẹ́ta nínú mẹ́rin. Eruku ti kùn wọ́n lórí. Páálí ṣájà wà lábẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó tú u. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí èèyàn bá gbé sílẹ̀ láìfún un níná fún ìgbà pípẹ́ máa ń bàjẹ́ ni, ó sì lè débi pé kò ní gba iná mọ́ láé. Bí ẹ kò bá tètè dá sí i, ohun tí wọ́n kọ sí pátákó ìkéde náà máa di òótọ́: kò ní sí irinṣẹ́ mọ́.

Mo bi ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ léèrè ìdí tí wọn kò fi gbé wọn wá sí láàbù. Ó ní kí wọ́n má bàa bàjẹ́ ni.

2. Orí ìwé la ti kọ́ ọ, orí ìwé la ti ṣèdánwò rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta nínú ìdánwò wa nìyí: kí a ya àwòrán HoloLens 2, hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tí Microsoft ṣe, kí a sì kọ orúkọ ẹ̀yà mẹ́jọ lára rẹ̀. Mo yà á. Mo kọ orúkọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ síbẹ̀, máàkì tí wọ́n fún mi sì pọ̀. Mi ò fọwọ́ kan hẹ́dísẹ́ẹ̀tì kankan rí títí di ọjọ́ tí mò ń kọ lẹ́tà yìí. Nínú nóòtì tí wọ́n fún wa, HoloLens ni wọ́n pè ní ẹ̀rọ ọjọ́ iwájú, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti ṣíwọ́ ṣíṣe é láti 2024.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo kórìíra ìtàn. Mo fẹ́ràn láti mọ̀ pé ní 1968, Ivan Sutherland ṣe ẹ̀rọ agbésójú kan tó wúwo débi pé òkè àjà ni wọ́n ti so ó rọ̀ wá sórí ẹni tó ń lò ó. Mo fẹ́ràn láti mọ̀ pé ilé iṣẹ́ Boeing, tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ni Tom Caudell wà ní nǹkan bí 1990 tí orúkọ AR fi jáde, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń to wáyà, tí ojú wọn ń lọ tó ń bọ̀ láàárín iṣẹ́ ọwọ́ wọn àti ìlànà tí wọ́n ń wò. Ní 1997, olùwádìí kan, Ronald Azuma, ní nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ́ AR: kí ojúlówó àti àfikún wà pọ̀, kí ó máa dáhùn lójú ẹsẹ̀, kí àfikún sì dúró sí àyè rẹ̀ gan-an láàárín ohun tí ojú ń rí.

Nǹkan kẹta yẹn ni ìwé kò lè kọ́ni. Ẹ ní láti gbé ife tí kò sí sórí tábìlì tó wà, kí ẹ yí orí sí ọ̀tún, kí ẹ rí i pé ife náà pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé ojú yín, kí inú yín sì ru sókè. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ ìdí tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń jà kí ìdádúró náà má ju nǹkan bí 20 mílísẹ́kọ́ndì (ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ. Mo há 20 yẹn sórí. Mi ò mọ bó ṣe ń rí lára. A kì í kọ́ ọmọ Àyàn ní ìlù lórí pátákó dúdú.

3. Wọ́n ní eré ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ àṣekágbá mi fún yín.

Màmá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn oníbàárà máa ń wá láti Èkó, àwọn mìíràn á ti òkè òkun dé, wọ́n á di aṣọ mú, wọ́n á ní, "Màmá, kí ni èyí túmọ̀ sí?" Màmá mi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fi ìka tọ́ ọ, wọ́n á ní, "Ìbàdàndùn nìyí, òpó Mápó nìyẹn." Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń bá wọn tajà kò mọ ju iye tí wọ́n ń tà á lọ. Mo wá rò ó pé kí n ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi fóònù wò ara aṣọ, kí orúkọ àwòrán kọ̀ọ̀kan àti ìtumọ̀ rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lédè Yorùbá, kí ohùn màmá mi sì máa sọ ọ́ fún un.

Fọ́tò 640 ni mo yà ní ìsọ̀ wọn. Láptọ́ọ̀pù àyálò ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ módẹ́ẹ̀lì AI tó máa dá àwòrán aṣọ mọ̀, òru ni mo sì máa ń ṣe é, nígbà tí iná bá wà. Nínú yàrá mi ní ọgbà, ó mọ Ìbàdàndùn yàtọ̀ sí Olókun, ó sì mọ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya, yàtọ̀ sí oníko, tí wọ́n fi ìko dì. Inú mi dùn, mo wọkọ̀ lọ sí Ìtòkú láti lọ fi han màmá mi.

Kò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Àwọn tó ń lu aṣọ ti fi olùgbọ́ńgbọ́ igi lù ú títí tó fi ń dán. Oòrùn aago mẹ́wàá bọ́ sí i lára, ara aṣọ ń kọ mànà, kámẹ́rà kò rí àwòrán kankan mọ́. A gbé aṣọ sábẹ́ òjìji. Ìyẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Kí fóònù tó lè mọ ibi tí òun wà, ó máa ń wá àwọn igun kéékèèké tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé, ó máa ń dì wọ́n mú, ó sì máa ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lójú rẹ̀. Àdìrẹ tó ti mu aró dáadáa, ibi tó ti dú jù kò ní igun kankan. Orúkọ tí mo kọ bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó kiri, ó kúrò lórí Mápó, ó lọ jókòó sí ìdí kúlà omi ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú tiwa.

Oníbàárà kan wá gbé aṣọ náà sókè, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un ká. Gbogbo rẹ̀ tú. Màmá mi ti ń wò ó látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní, "Fóònù rẹ mọ ilé, kò mọ aṣọ."

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n mi, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ tó báyìí. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ AR ń gbà mọ àyíká wọn dá lé e lórí pé ayé dúró gbọin, pé kámẹ́rà nìkan ló ń rìn. Ògiri kì í ká. Tábìlì kì í gbọ̀n. Aṣọ ń ṣe méjèèjì. Láti yanjú rẹ̀, mo nílò ẹ̀rọ tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, kó lè ya aṣọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìsọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lára Quest 3. Mẹ́rin wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n yá mi ní ẹyọ kan láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé, kí olùkọ́ kan tẹ̀ lé mi bó bá wù wọ́n. Ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́ta tí mo sọ lókè nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni ẹ ń pè ní eré, ẹ wo ti ìṣègùn. Ní 2020, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Johns Hopkins, l'Amẹ́ríkà, gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì AR sójú nígbà tí wọ́n ń fi ìdè irin sí ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn. Wọ́n ń rí eegun tó wà lábẹ́ ẹran láìgbé ojú kúrò lára ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Ọgbà kan náà ni àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jọ wà. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà láàárín wa.

4. Bí a kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ní mọ̀ wá.

Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, àwọn olùwádìí nípa AI, yẹ àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ojú èèyàn sọ ọkùnrin tàbí obìnrin wò. Lórí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe èyí tó burú jù pàápàá kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó tó 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ èyí tó burú jù. Àwọn tí fọ́tò wọn pọ̀ nínú ohun tí a fi kọ́ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ mọ̀. Ọmọ Gánà ni àwọn òbí Joy, ojú tirẹ̀ náà ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ kọ̀ láti rí kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí wa nínú yàrá. A rí ètò kan lọ́fẹ̀ẹ́ tó máa ń tọ́pa ọwọ́, tó ń fi àmì 21 sára ìka àti àtẹ́lẹwọ́ kí èèyàn lè fi ọwọ́ pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Alẹ́ ni, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì la tàn. Ọwọ́ tèmi, ó rí i. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi, tó dú jù mí lọ, ó ń sọnù ó ń yọ, àfi tó bá yí àtẹ́lẹwọ́ síta. Ó gbé ọwọ́ náà sókè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan.

Ẹnu náà ńkọ́? Ẹni tó gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì sójú kò ní kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa fi bá a lò. Mo sọ fún ètò ìgbọ́rọ̀ kan pé kó gbé ọkọ̀ síwájú mi. Ọkọ ló kọ, láìsí àmì. Nínú èdè tí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ ti jẹ́ nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ tí kò gbọ́ ohùn kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ta ni ẹ fẹ́ kó wá tún un ṣe fún wa? Àwa la gbọ́ èdè náà, àwa la ní ọwọ́ náà, àwa la sì wà lábẹ́ oòrùn náà.

5. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ àti owó.

Òótọ́ ni pé olùkọ́ kan ṣoṣo tó ń kọ́ wa ti rìnrìn àjò, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kò tán nílẹ̀ yìí. Láti 2016 ni Judith Okonkwo ti dá Imisi 3D sílẹ̀ l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní AR àti VR, èyí tó ń fi ayé tí kọ̀ǹpútà dá bo gbogbo ojú ẹni. Kí ẹ pe àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun wá bá wa ṣe ọjọ́ méjì lóṣù kò le.

Lórí ìwé ẹ̀kọ́, àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fi àyè sílẹ̀. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2022, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n là sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì, ìdá 30 tó kù wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá fẹ́ sí i. Ẹ kò nílò láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni l'Ábújà kí ẹ tó lè dá kọ́ọ̀sì yìí padà.

Lórí owó, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Fóònù púpọ̀ nínú wa kò ní jáírósíkóòpù, èyí tí fóònù fi ń mọ bí a ṣe ń yí i, nítorí náà ọ̀pọ̀ ètò AR ni kò lè ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ṣùgbọ́n AR.js wà lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ìtàkùn ayélujára ló ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń mọ àmì tí a tẹ̀ sórí bébà láìnílò jáírósíkóòpù rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ lè jẹ́ lórí ìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí a pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, hẹ́dísẹ́ẹ̀tì kan fún ọ̀wọ́ kan. Ogójì ni wá. Mo ti ya àkókò rẹ̀ sórí ìwé, mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà kejì.

6. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì sọ fún aṣojú kíláàsì wa pé ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ló ń bà wọ́n lẹ́rù, pé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lè ya àwòrán ẹni tí kò fẹ́. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Òfin ààbò dátà ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2023 wà fún un. Kí á kọ ìlànà lílò kan, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Èyí pàápàá jẹ́ ara ohun tó yẹ kí kọ́ọ̀sì náà kọ́ wa.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí ẹ yí ìpinnu náà padà ní ìpàdé Sẹ́nétì tó ń bọ̀, kí sáà kejì tó wọlé. Kí ẹ ní kí wọ́n gba iná sí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́sẹ̀ yìí, ká mọ èyí tó ṣì wà láàyè. Kí wọ́n gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sí láàbù, kí ìwé tí a ó máa kọ orúkọ sí wà lẹ́nu ọ̀nà, kí òṣìṣẹ́ láàbù kan sì wà nídìí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, a ti fẹnu kò pé gbogbo kíláàsì ló máa dá owó àtúnṣe rẹ̀. Ìwé tí a fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ aṣojú kíláàsì. Kí ìdánwò kọ́ọ̀sì náà jẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe tó sì ṣiṣẹ́ níwájú olùkọ́, kì í ṣe àwòrán tó yà. Kí ẹ sì fèsì, kódà bó bá jẹ́ rárá ni, lórí ìwé, pẹ̀lú ìdí.

Oṣù mẹ́rin ló kù fún mi ní ọgbà yìí. Màmá mi ti gbé ọ̀pá àdìrẹ mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú ìsọ̀, Ìbàdàndùn kan, Olókun kan, oníko kan, wọ́n ní àwọn kò ní tà á títí màá fi padà wá dán an wò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ ìpele kẹrin, Ẹ̀ka Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà